Àmì Èédú Lórí Agolo Ọ̀dà Iná

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọjọ́ orí mi rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ni, èmi ti kó ìbọn ọ̀dà mi fún ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo lò nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Ṣakí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo. Kíláàsì kẹta ni mo ká ìwé mi sí ní girama, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá rí játijàti níbì kan, ẹ bá mi tò ó. Mo fẹ́ sọ iṣẹ́ tí mo ṣe, bó ṣe dára tó, àti bí mo ṣe bà á jẹ́.

Ìyá mi ló mú mi kúrò ní Ogbooro wá sí Ṣakí nígbà tí mo pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àdéhùn tí wọ́n ṣe, kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kàn ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ọ̀dà ti sọ di aláràbarà. Bàbá Rámà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Rámà ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà yẹn.

Àwọn pẹ́ńtà yòókù ní Ṣakí, ara mọ́tò ni wọ́n ń kùn. Tiwa yàtọ̀. Ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni a máa ń kùn: orí ẹ́ńjìnnì, ìdérí rẹ̀, sàlẹ́ńsà ọ̀kadà, sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ ìlọgi, àti irin oníhò tí èéfín kọ́kọ́ ń gbà jáde lára ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mánífóòlù. Bí a kò bá kùn wọ́n, ìpẹtà á jẹ wọ́n. Bí a bá fi ọ̀dà lásán kùn wọ́n, ooru á bó o kó tó di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà tí ooru kò lè bó ni à ń wá. Ọ̀dà iná ni àwa ń pè é, òun ni Bàbá Rámà sì fi gba orúkọ.

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bó irin. Búrọ́ọ̀ṣì onírin, sáńpépà, tínà, kò sí nǹkan mìíràn. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo bó mánífóòlù kan títí tó fi ń dán bíi ṣíbí tuntun. Inú mi dùn, mo fi ọwọ́ lásán gbé e lọ fún ọ̀gá mi.

Ó wò ó, kò gbà á. Ó ní, "Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀wà ni, sà."

"Òróró inú ẹ̀wà yẹn ti wà lára irin yìí báyìí. Lọ bó o."

"Sà, mo ti wẹ ọwọ́ mi."

"Ó dára. Bó o, kí o sì máa rántí ẹ̀wà náà bí o ti ń bó o."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bó irin yẹn lọ́jọ́ náà. Ìyá Rámà ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sùlé, lọ́la kí o jẹ omi." Láti ìgbà náà n kò gbé irin tí mo bó láìfi aṣọ dì í mú mọ́.

Nígbà tó di ọdún kejì ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí a ṣe ń yan ọ̀dà. Ó ní ẹ́ńjìnnì dà bí ilé. Mánífóòlù ni ilé ìdáná, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì ni pálọ̀, ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ọ̀ọ̀dẹ̀. Ooru wọn kò dọ́gba. Ọ̀dà pálọ̀ kò lè gbé ilé ìdáná, kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọ̀dà ilé ìdáná náà kò lè gbé pálọ̀. Ọ̀dà tó le jù, ooru ńlá ló ń mú un gan. Bí o bá fi kun ibi tí kò gbóná púpọ̀, á máa rọ̀ níbẹ̀ ni, bẹntiróòlù díẹ̀ tó bá ta sí i á sì fọ̀ ọ́ dànù. Nítorí náà, kì í ṣe èyí tó lágbára jù ni à ń rà. Èyí tó bá ibi tí à ń kùn mu ni à ń rà.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára agolo kò tó fún Bàbá Rámà. Àwòrán iná wà lára gbogbo wọn. Ó máa ń ní, "Ẹni tó ya iná kò tíì rí iná." Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, lábẹ́ igi dóńgóyárò, ààrò kan wà tó fi amọ̀ mọ. Bí ọ̀dà tuntun bá dé, à ń mú díẹ̀ nínú agolo kọ̀ọ̀kan, a ó fi kun àfọ́kù sàlẹ́ńsà. Bó bá gbẹ, a ó kó èédú sínú ààrò, a ó fẹ́ ẹ, a ó ki irin náà bọ̀ ọ́ títí irin á fi pọ́n. A ó yọ ọ́, a ó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, a ó fi ìṣó họ ọ́. Bí ọ̀dà bá bó, agolo yẹn padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Bí kò bá bó, a ó mú èédú, a ó fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sórí ìdérí agolo. Agolo tí kò bá ní àmì èédú, ọ̀gá mi kì í ṣí i. Èyí tó bá ní in, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́.

Àṣà kan tún wà tó ní. Mọ́tò tó bá kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òun ló ń bá a rin ìrìn àkọ́kọ́, yóò jókòó síbi tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì jù, yóò máa gbóòórùn. Àwọn awakọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá Rámà ń wá ọ̀nà àtiwọ mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún karùn-ún mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n gba fíríìdọ́ọ̀mù. Ààwẹ̀ Ràmàdánì ni, oòrùn Òkè-Ògùn sì mú bí ẹni tó ń bínú. Páálí ọ̀dà kan dé, agolo mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Àna Bàbá Rámà ń ṣàìsàn ní Ìsẹ́yìn, ó fẹ́ lọ kí i. Kó tó lọ, ó ní kí n dán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò.

Mo dá iná. Mo dán èkíní wò, ó dára. Èkejì dára, ẹ̀kẹta dára. Nígbà tí mo fi máa dé ìkẹrin, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ojú mi ń ṣú. Ìkẹrin náà dára. Méjì tó kù wà ní ìsàlẹ̀ páálí. Mo wò wọ́n. Agolo kan náà ni, àwọ̀ kan náà, inú páálí kan náà. Mo sọ fún ara mi pé mẹ́rin tó dára ti jẹ́rìí fún méjì. Mo mú èédú, mo fa àmì sórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo da omi sí iná, mo lọ na ẹ̀yìn sí abẹ́ dóńgóyárò.

Ọ̀gá mi dé nígbà tí ìṣínu kù díẹ̀. Ó wo àwọn agolo. Ó ní, "O dán gbogbo wọn wò?"

"Gbogbo wọn ni, sà."

"Nínú oòrùn yìí. Ọlọ́run á gba ààwẹ̀ rẹ."

Mo ní, "Àmín, sà."

A fi mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Iléyá wá, ó kọjá. Lẹ́yìn Iléyá ni Táò gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Táò jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá Bàbá Rámà, bọ́ọ̀sì kékeré kan báyìí ló ń wà, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó iwájú. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì náà tún ṣe. Torí pé ẹbí ni, ọ̀gá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun mánífóòlù rẹ̀. Agolo tó wà nílẹ̀ ló mú. Ọ̀kan nínú méjì ìsàlẹ̀ páálí ni. Mo rí i tó mú un, mo ń bó irin mi lọ.

Ọ̀dà iná, a kì í gbé e sínú ooru ńlá lójijì. A ó tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀, a ó pa á, á tutù, a ó tún tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta. Gbogbo ọ̀dà iná ló máa ń rú èéfín díẹ̀ nígbà yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá mi gbé imú sókè. Ó ní, "Òórùn yìí pọ̀ díẹ̀." Ó lọ gbé agolo náà, ó wo ìdérí rẹ̀, ó rí àmì èédú.

Ó ní, "Ó ti la iná kọjá. Kò séwu."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo ní àyè láti sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo dúró níbẹ̀, ó tó ìgbà téèyàn fi lè ka Fátíhà parí. Mo gbé agolo náà padà sí àyè rẹ̀.

Táò fẹ́ lọ kó iṣu ní Òfìkì. Ọ̀gá mi bọ́ síwájú, sórí ẹ́ńjìnnì, bí àṣà rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn. A ti rìn jìnnà kúrò ní ìlú nígbà tí a kan òkè kan, tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti abẹ́ ìjókòó.

Táò ní, "Bàbá, kí ló ń jó?"

Ọ̀gá mi ní, "Dúró. Dúró sí ẹ̀gbẹ́."

Táò dúró. Bàbá Rámà sọ̀ kalẹ̀, ó yí padà, ó ṣí ìjókòó náà sókè láti wò ó. Ọ́ìlì ti ń jò díẹ̀díẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì sórí mánífóòlù náà, ọ̀dà tó ti wú sókè sì ti ń rú èéfín níbẹ̀. Bí ó ṣe ṣí i ni atẹ́gùn wọlé, iná sì ta sókè sójú rẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti ti ìjókòó náà padà, kí iná má bàa gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Táò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi tì í. Èmi àti Táò bu yẹ̀pẹ̀ lu iná náà títí ó fi kú. Bọ́ọ̀sì kò jó. Ọ̀kadà kan tó ń bọ̀ láti oko la fi gbé ọ̀gá mi lọ sí ọsibítù, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, mo dì í mú. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn kò ké. Ó kàn ń bi mí pé, "Sùlé, ṣé ó ti kú? Ṣé iná yẹn ti kú?"

Ojú ọ̀tún fọ́ pátápátá. Ti òsì, òjìji nìkan ló ń rí. Àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká wọlé, wọn kò nà mọ́.

Ọjọ́ kejì tí ó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní kí wọ́n pè mí. Táò wà níbẹ̀, Ìyá Rámà náà wà níbẹ̀.

"Sùlé, agolo yẹn. O dán an wò?"

"Mo dán an wò, sà."

"Irin rẹ̀ pọ́n?"

"Ó pọ́n, sà."

"O fi ìṣó họ ọ́?"

"Kò bó, sà."

Ó fi ọwọ́ òsì kan aṣọ tí wọ́n fi di ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "A jẹ́ pé iná ti purọ́ fún mi."

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ohun àkọ́kọ́ tó ní kí n ṣe ni pé kí n wó ààrò. Mo wó o. Ó fún mi ní fíríìdọ́ọ̀mù, ó gbé ọwọ́ tó ká yẹn lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi. Ó ní kí n máa bá ṣọ́ọ̀bù lọ, kí n máa ra ọ̀dà olówó ńlá láti Ìbàdàn, kí n gba ohun tí agolo bá sọ gbọ́.

Èmi mọ̀ pé iná kò purọ́. Ní ẹ̀yìn ilé tí mo gbà, mo mọ ààrò mìíràn, kékeré. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni mo ń dán ọ̀dà mi wò níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, n kò fo ẹyọ kan mọ́. Iṣẹ́ mi kì í bó. Àwọn mẹkáníìkì ń gbé iṣẹ́ wá láti Ìsẹ́yìn. Nǹkan ìṣiṣẹ́ yí padà lójú mi. Mo ra kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ tuntun, ọ̀dà inú agolo tí à ń fi ìka tẹ̀ wọ ìlú, ẹ̀rọ kan bí ìbọn tún dé tí èèyàn ń nà sí irin gbígbóná tí yóò sì ka iye ooru rẹ̀. Mo nà án sí irin pípọ́n inú ààrò mi lọ́jọ́ kan. Ooru náà ju ti mánífóòlù tó ń ṣiṣẹ́ lọ díẹ̀. Ọ̀gá mi kò ní ẹ̀rọ nígbà tó ń sọ pé irin gbọ́dọ̀ pọ́n. Ojú rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n.

Ní gáréèjì, wọ́n sọ ọ̀gá mi ní Ọlọ́dà Iná Tí Iná Sun. Wọ́n ń sọ pé Sùlé ti ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi máa ń jókòó sí abẹ́ dóńgóyárò lójoojúmọ́, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí, ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ọmọ tó ń béèrè nǹkan:

"Sùlé, kí lò ń ṣe tí tìrẹ fi ń dúró?"

Mo ní, "Àdúrà yín ni, sà."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé bẹ́ẹ̀.

Rámà ló fa ìparí rẹ̀. Ó ti jáde girama nígbà náà, ó ní iṣẹ́ bàbá òun ni òun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ kọ̀. Rámà ní, "Ẹ kọ́ Bùrọ̀dá Sùlé. Torí mo jẹ́ obìnrin ni?"

Bàbá Rámà ní, "Kì í ṣe torí ìyẹn. Iṣẹ́ tí èmi fúnra mi kò mọ̀ mọ́, kí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ? Mo rò pé mo mọ iná. Gbogbo ayé mi ni mo fi bá a jókòó, n kò mọ̀ ọ́n. Lọ kọ́ rírán aṣọ."

Mo ń fọ ìbọn ọ̀dà lọ́wọ́. Mo gbé e sílẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, n kò dán an wò."

Ó ní, "Kí ni?"

"Agolo tí ẹ fi kun mọ́tò Táò. Mẹ́rin ni mo dán wò. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo fa àmì sórí méjì tó kù."

Ọ̀dọ̀ Rámà ló kọjú sí. Ó ní, "Rámà, mo gbọ́ òórùn yẹn. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé ó pọ̀." Ó tún un sọ. "Mo gbọ́ ọ. Imú mi sọ fún mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láti inú ojú méjèèjì, èyí tó fọ́ àti èyí tó kù.

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. Ó ní, "Ojú mi, iná ló gbà á. Ọwọ́ mi, iná ló gbà á. N kò bi ọ́ léèrè ìyẹn, ọmọdé ni ọ́, ààwẹ̀ ń gbẹ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọ́ pé kí lò ń ṣe tí tìrẹ fi ń dúró, Sùlé. Nígbà yẹn ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi orí kanlẹ̀.

Kò ṣépè fún mi. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé Rámà lọ́wọ́. Mo fi lé e, mo kó ẹrù mi padà sí Ogbooro. Ọ̀rọ̀ náà dé gáréèjì, Táò sì gbọ́. Títí di òní kò kí mi.

Ẹ̀rọ ìlọgi ni mo ń lò ní Ogbooro báyìí, mo ń lọ àgbàdo àti ọkà bàbà fún àwọn obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ má kọ́ ọ̀dà iná. Iṣẹ́ gidi ni, ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n kò ní ṣófo. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ẹni tí ẹ bá fa àmì fún ti gbé ara rẹ̀ lé e, kò ní tún béèrè.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ mi dípẹtà, ó nílò ọ̀dà. Mo lè kùn ún fúnra mi. Mo gbé e lọ sí Ṣakí. Ààrò tuntun ti wà lábẹ́ dóńgóyárò, Rámà ń fẹ́ iná, Bàbá Rámà jókòó tì í lórí àpótí, ó gbé imú sókè.

Mo sálámà. Wọ́n dáhùn.

Bàbá Rámà ní, "Iṣẹ́ ta ni?"

Rámà ní, "Bùrọ̀dá Sùlé ni. Sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ wọn ni."

Ó kọjú sí Rámà. Ó ní, "Ọ̀dà tí o fẹ́ fi kùn ún, dán an wò lẹ́ẹ̀mejì."

Rámà ní kí n máa lọ, kí n padà wá gbé e lọ́la. Oòrùn mú, ahọ́n mi sì ti gbẹ. Kò sí ẹni tó ní kí n dúró. Mo jókòó sílẹ̀ ní òdìkejì ààrò náà, mo ń wo irin inú èédú títí tó fi pọ́n, wọ́n yọ ọ́, ó tutù, wọ́n họ ọ́. Wọ́n sì tún gbé e padà sínú iná lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣì wà níbẹ̀.